Ọbẹ̀ Tó Ń Sinmi

Ilé ìdáná ilé ìwòsàn náà gùn tóóró bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fèrèsé mẹ́ta ló ní, gbogbo wọn ló sì kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ àwọn aláìsàn sí. Ibẹ̀ ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìkòkò ti dáná fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ ìkòkò tí òun bá fi dáná. Ó ní ẹni tó fọ ìkòkò ló mọ ohun tó jó nínú rẹ̀. Orúkọ náà bá a délé, ó bá a dé ojú pópó, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ rò pé òun ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ìlànà kan wà ní ilé ìdáná yẹn tí mo ní láti kọ́kọ́ là yé yín, nítorí láìsí i, ìtàn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọn kì í fi iyọ̀ sí ìkòkò. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, kíndìnrín ń yọ àwọn mìíràn lẹ́nu, iyọ̀ sì jẹ́ ọ̀tá fún gbogbo wọn. Nítorí náà, Ìyá Ìkòkò á se ọbẹ̀ tán láìsí iyọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni ẹni tó ń pín oúnjẹ á ti máa wo káàdì tó wà lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí káàdì rẹ̀ pupa kò gba iyọ̀ rárá. Ẹni tí tirẹ̀ funfun á gba orí ṣíbí kan. Iyọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń dáná. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ahọ́n Ìyá Ìkòkò tọ́ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ wò, ó sì ń sọ pé, "Ó ti dáa."

Ahọ́n kò ní ilé méjì. Bí tirẹ̀ ṣe mọ́ra níbi iṣẹ́ ló ṣe mọ́ra nílé. Ó ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ilé o, ẹnikẹ́ni ò lè ní kò fi sí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí orí ìka méjì lè mú ni. Bí ìkòkò kéré, ìka méjì. Bí ìkòkò tóbi tó èyí tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀, ìka méjì yẹn náà ni.

Síbẹ̀, mi ò mọ ilé kan ní àdúgbò náà tí wọ́n ti ń gbádùn oúnjẹ tó tirẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ní agogo méjì ọ̀sán, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù á dé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ á dé pẹ̀lú tirẹ̀ méjì. Alágbàfọ̀, obìnrin tó ń fọ aṣọ tó sì ń lọ aṣọ fún àwọn ènìyàn ní ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á ní òun kàn wá kí wọn ni, á sì ti mú àwo rẹ̀ dání. Tábìlì méjì ni wọ́n máa ń fà pọ̀ ní pálọ̀. Ọ̀kan fi ìwọ̀n ìka méjì ga ju èkejì, ẹni tó bá sì jókòó sí ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé á fi ọwọ́ òsì di àwo rẹ̀ mú títí tó fi máa jẹun tán. Wọ́n máa ń jà nítorí ìjókòó yẹn. Wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á jẹ ẹ̀wà, wọ́n á fi búrẹ́dì nu àwo, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ máa bú ara wọn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

Àṣírí ọbẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìkòkò fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́, kò ju ọ̀kan lọ: ìsinmi. Ó ní ọbẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ó ti rẹ̀ ẹ́, a kì í sì í bá ẹni tó rẹ̀ ṣeré. Á tọ́ ọ wò, á ní ó ti dáa. Á fi ọmọrí bò ó, á ká aṣọ ìnuwọ́ sí méjì lé ọmọrí náà, á wá lọ wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ. Ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Bó bá padà dé, á tún tọ́ ọ wò. Ọbẹ̀ tó dáa lẹ́ẹ̀kan á ti di ọbẹ̀ tó dùn. Ahọ́n ara rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn rẹ̀. Ó kọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó kọ́ àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó kọ́ Alágbàfọ̀.

"Ìyá Ìkòkò, tèmi ò sinmi o," ni Alágbàfọ̀ máa ń wí. "Mo bò ó, mo dúró tì í, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàdúrà sí i. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni mo ṣe bá a."

"O ṣí i wò ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré!"

"Ẹni tó bá ń ṣí ọmọrí wò, ó ń jí i lójú oorun ni. O ò ní sùúrù. Aṣọ nìkan lo mọ̀ ọ́n lọ̀."

"Ẹ má bú mi. Ẹ kàn bù fún mi."

Ọkọ Ìyá Ìkòkò ni Bàbá Aláago. Aago ló ń tún ṣe, ti ọwọ́ àti ti ara ògiri, lórí tábìlì kékeré kan lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá sọ gbólóhùn mẹ́wàá lójúmọ́, mẹ́jọ nínú rẹ̀, aago ló ń sọ ọ́ fún. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ fẹ̀yìn tì ni àwọ̀ funfun bo ẹyinjú rẹ̀ ọ̀tún, tí kò lè rí inú aago mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ojú ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo, kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná tàbí èéfín, kó sì máa wá fi ojú náà hàn òun lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sún mọ́ ọ̀dọ̀ dókítà náà, ibẹ̀ ló sì lọ ń gbé. Kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ó pe Ìyá Ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sunkún o. Ẹ má sì jẹ́ kí inú wọn bà jẹ́."

Ìyá Ìkòkò ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ dókítà. Ó gbà á bí òfin.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí Bàbá Aláago kò sí nílé, ọbẹ̀ ẹran ni Ìyá Ìkòkò sè. Ó tọ́ ọ wò, ó dáa. Ó bò ó, ó lọ wẹ̀. Nígbà tó dé, ó ti ń yára nítorí pé àwọn ọmọ ti kún pálọ̀, ó bù ú fún wọn. Wọ́n jẹun. Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ariwo tábìlì lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé àlejò tí wọn ò mọ̀ jókòó sáàárín wọn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan fi ẹran sílẹ̀ nínú àwo. Ẹran! Ìyá Ìkòkò tọ́ tirẹ̀ wò. Ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò.

"Kò tíì sinmi tó," ni ó wí.

"Màmá, bóyá oorun ò kùn ún," ni akẹ́rù wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fún ọbẹ̀ ní ìsinmi wákàtí kan. Ó wẹ̀ títí omi fi tutù sí i lára. Nígbà tó ṣí ọmọrí, ọ̀rá ti dì sójú ọbẹ̀, adùn kò dé. Ó tún un gbé ka iná, ó fi àlùbọ́sà kún un, ó fi ata ilẹ̀ kún un. Ọbẹ̀ ń ta sánsán dé òpópónà, lẹ́nu, kò sí nǹkan kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó pààrọ̀ alápatà, ó pààrọ̀ òróró, ó bá ẹni tó ta gáàsì fún un jà. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, gáàsì mi kì í wọnú ìkòkò." Òótọ́ ni, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a wọ ilé ìdáná. Aránṣọ yìí kì í fọwọ́ kan ìkòkò, tí ó bá ti dé, ìjókòó ló ń wá. Lọ́jọ́ náà ó dúró, ó fara ti ògiri, ó ń fi èékánná họ àmì kan lára tábìlì.

"Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Búrẹ́dì àti ẹyin. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Ọjọ́ kélòó ni òní nínú oṣù?"

Ìyá Ìkòkò dá ọwọ́ dúró. Ó sọ ọjọ́ náà fún un. Ó sọ oṣù, ó sọ ọdún. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí ọmọ náà, ó ń ro ọbẹ̀ tí kò nílò rírò, nítorí pé ó mọ irú ìbéèrè wọ̀nyẹn. Òun náà ti bi ìyá tirẹ̀ rí.

Ìyá tirẹ̀, ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wà tí kò ládùn ló fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, ó fi ṣúgà sí ẹja. Lẹ́yìn náà, ó gbé ìkòkò òfìfo ka iná, ó jókòó tì í, ó ń dúró kó hó. Kí ọdún tó yí po, ó wo Ìyá Ìkòkò lójú, ọmọ tó ti inú rẹ̀ wá, ó ní, "Ìyá oníbúrẹ́dì, o ti dé?" Ìyá Ìkòkò ní òun ti dé. Kí ni ì bá tún sọ?

Láti ọjọ́ ìbéèrè aránṣọ náà, Ìyá Ìkòkò mọ ohun tó dé bá òun. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, kó tó dìde lórí ibùsùn, á ka àwọn wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, á ka orúkọ ọmọ àti ti ọmọ ọmọ, á ka ọjọ́ ìbí wọn. Gbogbo rẹ̀ máa ń pé. Pípé tó ń pé kò fi í lọ́kàn balẹ̀, ìyá rẹ̀ náà mọ orúkọ gbogbo ènìyàn lọ́dún tí ẹ̀wà ò ládùn. Ní gbogbo ọjọ́rú tó bá sì lọ wo Bàbá Aláago, á fi ojú tó dáa jókòó tì í, á sọ̀rọ̀ aago.

Ọjọ́ Àìkú kẹrin, ènìyàn mẹ́rin péré ló dé. Ọkọ̀ akẹ́rù bàjẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n ní. Aránṣọ ní aṣọ ìyàwó kan wà lọ́wọ́ òun tí òun gbọ́dọ̀ parí. Ìyàwó akẹ́rù nìkan ló kó àwọn ọmọ mẹ́ta wá, wọ́n jókòó sí etí kan tábìlì náà, kò sì sẹ́ni tó jà nítorí ìjókòó. Nígbà tí wọ́n jẹ èyí tí wọ́n lè jẹ tán, Ìyá Ìkòkò gbé ìkòkò ńlá jáde, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, máa gbé e lọ sílé yín. Láti Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ yín la ó ti máa jẹun."

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Màmá, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Mo ti dáná tó."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè gbé e. Kí ni n ó sọ fún ọmọ yín pé mo gbé dé?"

Kò gbé e. Ìkòkò wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ní ọjọ́ Ajé, ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ibẹ̀ ni Alágbàfọ̀ ti gbá ẹsẹ̀ mọ́ ọn nígbà tó ń wọlé.

"Ta ló ń lé ìkòkò jáde nílé yìí?"

Ìyá Ìkòkò kò rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ fi aṣọ tó gbé dání lélẹ̀, ó jókòó. Ó jọ pé bí ó ṣe jókòó láìbéèrè oúnjẹ yẹn gan-an ló ṣí ẹnu Ìyá Ìkòkò. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹ̀wà ìyá rẹ̀ títí dé ìbéèrè aránṣọ. Alágbàfọ̀ kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

"Bàbá ti gbọ́?"

"Dókítà ní n ò gbọdọ̀ ba inú wọn jẹ́."

"Ojú ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọn ò ṣe é fún etí. Ẹ lọ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀, Ìyá Ìkòkò. Irú ẹrù yìí kì í ṣe ẹrù ẹnìkan."

Ní ọjọ́rú, Ìyá Ìkòkò rọ ọbẹ̀ sínú fúláàsì, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá Aláago jókòó sórí àga onígi kan lẹ́bàá ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ gbọn-ọn, ike kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀.

"Ìyá wọn, o rù."

"Ẹ fi ojú kan rí ìyẹn?"

"Ojú kan tó fún ẹ."

Ó bu ọbẹ̀ àti ìrẹsì sínú àwo, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Bàbá Aláago fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e mì. Kò fi èkejì sẹ́nu.

"Ẹ sọ ọ́," ni Ìyá Ìkòkò wí.

"Kí ni kí n sọ?"

"Pé kò dùn. Ó ti tó oṣù kan tí kò ti dùn, àwọn ọmọ ò wá mọ́. Bàbá wọn, ohun tó ṣe ìyá mi ti ń ṣe mí. Mo fẹ́ fúnra mi sọ ọ́ fún un yín nígbà tí mo ṣì mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá di ọjọ́ tí mo bá bi yín pé ta lẹ jẹ́, ẹ má ṣe bá mi jiyàn. Ẹ kàn sọ pé ẹ ti dé."

Ọkùnrin náà na àwo sí i.

"Gba àwo yìí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Tí kì í bá ṣe ti dókítà ni, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ báyìí. Iyọ̀ ni."

"Iyọ̀ wo?"

"Iyọ̀ ni kò sí ńbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọ́."

"Mo fi iyọ̀ sí i. Bí mo ṣe ń fi sí i náà ni mo fi sí i."

"Mo mọ̀. Ìka méjì." Ó ń wá ibi tó máa gbà wọ ọ̀rọ̀ náà, bíi kí ó máa wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí aago tí kò rí rí. "Tó o bá ti bo ìkòkò, o máa ń lọ wẹ̀, àbí? Èmi máa ń wọlé. Mo máa ń bu iyọ̀ tó kù sí i, mo máa ń rò ó, mo máa ń dá aṣọ ìnuwọ́ yẹn padà bó o ṣe ká a. Nígbà tó o bá jáde ní balùwẹ̀, mo ti wà nídìí aago."

Ìyá Ìkòkò gbé àwo náà lélẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ló wí.

"Ọdún kẹrin tó o dé ilé ìwòsàn. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú ẹ pé iyọ̀ ò tó, o rántí? O ní ẹ̀mí mi ni mò ń fi ṣeré. O sọ̀rọ̀ kíndìnrín fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà títí tí èmi fi ń di ẹ̀gbẹ́ ara mi mú. Mo ní kò burú, n ò ní sọ ọ́ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo bu díẹ̀ sí i. Ìwọ wá dé láti ibi tó o ti ń wẹ̀, o tọ́ ọ wò, o ní, 'Bàbá wọn, ẹ wá wo nǹkan! Ọbẹ̀ yìí ti sinmi!' Ojú ẹ ń dán. Ta ló fẹ́ pa iná ojú yẹn? Mo ní n ó sọ fún ẹ lọ́la. Ọ̀la yẹn ló di ọdún mẹ́rìnlélógún."

"Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́lẹ́ bó ti sọ ọ́. Ìyá Ìkòkò dìde. Ó bá iyọ̀ nínú ìgò lójú fèrèsé ilé ìdáná àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó mú ìka méjì, ó dúró, ó wo ìka náà, ó tún mú méjì mìíràn, ó ju gbogbo rẹ̀ sínú fúláàsì, ó rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti na mọ́ ìdérí.

"Má bò ó," ni ọkọ rẹ̀ wí láti orí àga. "Kò rẹ̀ ẹ́."

Ó tọ́ ọ wò. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni. Ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú ni, bó ṣe mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti ń jẹ ẹ́. Ó fà sẹ́yìn, ó fara ti ògiri, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Oṣù kan ni ẹkún náà ti ń dúró. Lẹ́yìn náà ni inú bí i.

"Mo kọ́ ènìyàn! Bàbá wọn, mo kọ́ gbogbo àdúgbò! Mo bá ìyàwó akẹ́rù wí pé kò ní sùúrù! Oṣù kan gbáko ni mo fi ń sin ara mi láàyè, ẹ jókòó síbí, ẹ ń gbọ́ rédíò!"

"O ò sọ fún mi."

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ bà yín nínú jẹ́!"

"Èmi náà ò fẹ́ bà ẹ́ nínú jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì gbé pa mọ́ fún ara wa ló fẹ́ pa wá."

Ìyá Ìkòkò nu ojú rẹ̀. "Ti ìyá mi, òótọ́ ni," ni ó wí, nítorí pé ó jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀. "Tó bá ń bọ̀ wá bá èmi náà lọ́jọ́ kan, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí."

"Kì í ṣe èyí," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Gbé oúnjẹ mi wá. Ebi ń pa mí."

Wọ́n jẹ gbogbo ohun tó wà nínú fúláàsì náà, àwọn méjèèjì, nínú àwo kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí Ìyá Ìkòkò ti jẹ àjẹyó kẹ́yìn.

Nígbà tó padà délé, ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ó lọ bá Alágbàfọ̀ níbi tó ti ń yọ aṣọ kúrò lórí okùn. Ó sọ ọ́ fún un. Alágbàfọ̀ fi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì olómi bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, Ìyá Ìkòkò sì rò pé ẹkún ni.

"Ọdún mẹ́sàn-án!" ni Alágbàfọ̀ pariwo nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bo ìkòkò mọ́lẹ̀ bí adìyẹ tó sàba! Ọkọ mi ń béèrè oúnjẹ, mò ń ní kó má pariwo, ọbẹ̀ ń sùn! Ìyá Ìkòkò, ẹ ó san án! Àwo méjì-méjì ni n ó máa jẹ títí láé!"

"Àbí ìgbà wo lo ti ń jẹ ẹyọ kan?"

Ìyá Ìkòkò pe àwọn ọmọ lórí fóònù, ó ní kí gbogbo wọn wá ní ọjọ́ Àìkú, òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Kò ro bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dún létí. Aránṣọ dé ní agogo mọ́kànlá, wákàtí mẹ́ta ṣáájú àsìkò, ojú rẹ̀ wú. Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí iná. Kó tó di pé wọ́n kí ara wọn tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: òun ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀ nípa àrùn ìgbàgbé, wọ́n ti fún òun ní ọjọ́, òun ló máa mú un lọ, òun kò ní jẹ́ kó dá lọ. Aṣọ ìyàwó kankan kò sí lọ́wọ́ òun ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òun ò lè jókòó wo àwo yẹn ni.

Ìyá Ìkòkò pa iná. Ó di ọmọ rẹ̀ léjìká mú, ó sọ ohun tí bàbá wọn ṣe. Ọmọ náà wò ó, ó wo ìkòkò, ó tún wò ó. Ó ní, "Bàbá? Bàbá *wa*?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójijì, ó sì di àlùbọ́sà tó wà lórí tábìlì mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

"Gbé ṣíbí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ahọ́n mi kò mọ iyọ̀. Ó ti pẹ́ tí kò ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n. Tọ́ ọ wò fún mi."

Ọmọ tí kì í fọwọ́ kan ìkòkò tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ó kù."

Ìyá rẹ̀ fi sí i.

"Ó kù, Màmá."

"Kíndìnrín rẹ ni mò ń rò."

"Ẹ fi kíndìnrín mi sílẹ̀. Ó kù díẹ̀. Ó tó! Màmá, ó tó, ẹ má fi sí i mọ́!"

Ní agogo méjì, wọ́n fa tábìlì méjèèjì pọ̀. Akẹ́rù fúnra rẹ̀ lọ fi ọkọ̀ gbé bàbá rẹ̀ wá láti ilé àbúrò rẹ̀, dókítà ní kò burú bí kò bá ti ní wọ ilé ìdáná. Bàbá Aláago jókòó síbi tí tábìlì ti pàdé, ó fi ọwọ́ di àwo rẹ̀ mú, gbogbo ilé sì dá ẹjọ́ rẹ̀. Ìyàwó akẹ́rù fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa bẹ òun náà fún gbogbo ọdún tí wọ́n ti ní òun kò ní sùúrù. Akẹ́rù ní olè wọ ilé ìdáná fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹni táwọn ń pè ní alákòóso ilé sì ń wẹ̀. Àwọn ọmọ kò gbọ́ ìdájí ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹran ni wọ́n ń jà lé lórí. Bàbá Aláago kàn ń jẹun. Nígbà tí ariwo pọ̀ jù, ó gbé orí sókè, ó ní:

"Ẹ sọ òótọ́. Ó dùn àbí kò dùn?"

Wọ́n ní ó dùn.

Ní agogo márùn-ún, ẹnikẹ́ni ò tíì dìde. Alágbàfọ̀ ti bu àwo kẹta, ó ní ti ọdún àkọ́kọ́ lòun ń gbà lọ́wọ́. Ìyá Ìkòkò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun na ẹ̀yìn díẹ̀, ó wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀ lórí aṣọ ibùsùn láìbọ́ ìró. Ó ń gbọ́ wọn láti inú yàrá: ṣíbí tó ń ha ìdí ìkòkò, ẹnìkan tó ń bi ẹnìkan pé ta ló jẹ ti òun, aránṣọ tó ń ṣàlàyé iyọ̀ fún wọn bí ẹni tó ti ń dáná láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹnìkan pe orúkọ rẹ̀, ẹlòmíràn ní, "Ẹ fi Màmá sílẹ̀, oorun ń kùn wọ́n." Ó fẹ́ dáhùn pé oorun kò kun òun. Kí ó tó la ẹnu, ó ti sùn lọ.